Bí Ẹ Ṣe Lè Mú Kí Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Yín Tutù Nígbà Ẹ̀ẹ̀rùn

Bí oṣù kejì ọdún bá ti ń wọlé, ìbéèrè kan náà ni àwọn tó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nílùú Ìbàdàn máa ń béèrè: kí ló dé tí ìsàlẹ̀ ilé ṣe é jókòó sí, tí òkè kò sì ṣe é sùn títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́, kí sì ni ṣíṣe? Ohun tí ìtọ́sọ́nà yìí dúró lé lórí ni pé iṣẹ́ náà ní ètò. Òrùlé ni kí ẹ kọ́kọ́ bójú tó, kí ẹ tó dé orí ògiri àti fèrèsé tí oòrùn ń pa, kí ẹ tó wá ọ̀nà fún afẹ́fẹ́, kí ó tó wá kan fáànù àti ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹni tí ó bá ti ìparí bẹ̀rẹ̀, tí ó sáré ra ẹ̀rọ amúlétutù sínú yàrá tí páànù gbígbóná wà lórí rẹ̀, owó iná ni yóò máa san, ooru kò ní kúrò níbẹ̀.

## Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ooru ti ń wọlé

Nítorí pé Ìbàdàn kò jìnnà sí agbedeméjì ayé, òkè orí wa ni oòrùn máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà kọjá lọ́sàn-án. Ògiri ìlà-oòrùn ń gba tirẹ̀ láàárọ̀, ti ìwọ̀-oòrùn ń gba tirẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n òrùlé kò ní ìsinmi láti òwúrọ̀ títí di àṣálẹ́. Páànù á gbóná bí agbada tí wọ́n fi ń yan gàrí, yóò gbé ooru náà fún àjà, ìyẹn àyè tí ó wà láàárín páànù àti síìlìn, àjà yóò gbé e fún síìlìn, síìlìn yóò sì máa tú u sí yín lórí. Ìsàlẹ̀ ilé kì í mọ̀ nípa rẹ̀ rárá, nítorí pé dẹ́kìn àti gbogbo òkè ni ó wà láàárín òun àti páànù.

Síbẹ̀, gbogbo ilé kò rí bákan náà. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ ṣe àyẹ̀wò yìí ní ọjọ́ kan tí oòrùn mú dáadáa:

1. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, ẹ gun àga tí ó dúró ṣinṣin, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan síìlìn, lẹ́yìn náà kí ẹ fi kan ògiri inú yàrá kan náà. Bí síìlìn bá gbóná ju ògiri lọ, òrùlé ni kí ẹ dojú kọ.
2. Ní aago mẹ́jọ alẹ́, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri ìwọ̀-oòrùn láti inú yàrá. Bí ó bá ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, búlọ́ọ̀kù ibẹ̀ ti mu oòrùn ọ̀sán, ó sì ń dá a padà fún yín lóru.
3. Nígbà tí wọ́n bá ń dáná ní ìsàlẹ̀, ẹ dúró ní òkè àtẹ̀gùn. Afẹ́fẹ́ gbígbóná a máa gòkè. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n lójú, ilẹ̀kùn ilé ìdáná ní láti máa wà ní títì, kí fèrèsé rẹ̀ sì wà ní ṣíṣí.
4. Ẹ so òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ irin fèrèsé kọ̀ọ̀kan ní ìrọ̀lẹ́. Fèrèsé tí òwú rẹ̀ kò mì kò gba afẹ́fẹ́ wọlé, bí ó ti wù kí ó tóbi tó.

Ó dára kí ẹ ní tẹmómítà méjì tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri. Ọ̀kan yóò wà lẹ́bàá ibùsùn lókè, èkejì yóò wà níta ní abẹ́ ìbòji. Ẹ ó rí ìwúlò wọn nígbà tí a bá dé orí ṣíṣí àti títi fèrèsé.

## Òrùlé àti àjà

Ibí yìí ni ó yẹ kí èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó yín lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó gun àjà, ẹ ka ìkìlọ̀ yìí:

- Kí iṣẹ́ inú àjà parí kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù. Lọ́sàn-án, ooru ibẹ̀ lè dá ènìyàn kú.
- Ẹ pa iná láti ibi mítà. Eku ti máa ń jẹ ara wáyà inú àjà tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀.
- Orí igi ni kí ẹ tẹ̀, kì í ṣe orí síìlìn.
- Bí ilé bá ti pẹ́, tí síìlìn rẹ̀ sì jẹ́ páálí asbestos, ẹ má ṣe gé e, ẹ má ṣe lu ihò sí i, ẹ má sì fọ́ ọ. Eruku rẹ̀ a máa fa àìsàn ẹ̀dọ̀fóró, títí kan jẹjẹrẹ. Ẹ jẹ́ kí ó wà bí ó ti wà, kí ẹ sì ṣe iṣẹ́ yín sí ara páànù lókè rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, bí iṣẹ́ ṣe yẹ kí ó tẹ̀ léra nìyí.

1. Ẹ dí gbogbo ojú ihò inú síìlìn. Ibi tí wáyà gílóòbù gbà jáde, etí ìlẹ̀kùn àjà, àti ibi tí páálí méjì ti pàdé ni afẹ́fẹ́ àjà ń gbà sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrá. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni, kò sì wọ́n.

2. Ẹ ṣí ọ̀nà fún ooru inú àjà láti jáde. Àjà tí kò ní ojú ihò rárá dà bí ẹni pé a dé ooru mọ́lẹ̀ ni. Ihò gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀, lábẹ́ etí òrùlé, kí afẹ́fẹ́ ìta lè gba ibẹ̀ wọlé, ó sì gbọ́dọ̀ wà lókè, nítòsí góńgó òrùlé tàbí lára ògiri onígun mẹ́ta tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, kí èyí tí ó ti gbóná lè gba ibẹ̀ jáde. Ihò ìsàlẹ̀ nìkan kò tó. Ti òkè nìkan kò sì tó. Kí ẹ ṣe wọn sí ẹ̀gbẹ́ méjì ilé tí ó dojú kọ ara wọn, kí ẹ sì fi nẹ́ẹ̀tì onírin tí ojú rẹ̀ kéré bò wọ́n, nítorí àdán, ẹyẹ àti eku yóò sọ ibẹ̀ di ilé láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé ìjì oṣù kẹta àti ìkẹrin ni ó ń ṣí òrùlé jù lọ ní agbègbè wa, afẹ́fẹ́ tí ó bá sì ráyè wọ abẹ́ páànù ni ó máa ń gbé e. Ìdí nìyí tí ihò fi ní láti kéré, kí ó pọ̀ ní iye, kí pákó tàbí irin tí ó wà lójú rẹ̀ sì dà sílẹ̀ kí òjò má baà wọlé. Kí káfíńtà yẹ gbogbo ìṣó páànù wò kí ó tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun.

Àwọn ilé tuntun tí wọ́n fi parapet, ìyẹn ògiri kúkúrú tí ó ga yọ ní etí òrùlé, yí òrùlé ká, irú èyí tí ó wọ́pọ̀ ní Akóbọ̀ àti àwọn àdúgbò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè, ni ìṣòro yìí le fún jù. Wọ́n rẹwà lójú títì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ògiri parapet ti gba etí òrùlé mọ́ ilé lọ́wọ́, kò sí ìbòji fún ògiri, kò sì sí ọ̀nà fún afẹ́fẹ́ àjà. Bí ẹ bá ṣì ń kọ́ ilé lọ́wọ́, tí ẹ kò tí ì kan òrùlé, ẹ bá ayàwòrán ilé yín sọ ọ́ báyìí. Bí ẹ bá ti kan án, ẹ ní kí wọ́n la ihò tí ó ní nẹ́ẹ̀tì sí ara parapet náà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

3. Ẹ tẹ́ ohun tí yóò dá ooru dúró. Ohun méjì ni ó wà lọ́jà. Ọ̀kan ni fóìlì tí ó ń dán, èyí tí ó ń dá ooru padà bí díńgí ti ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Èkejì ni fóòmù tàbí òwú onínípọn tí ń fa ooru sẹ́yìn. Fóìlì ni a máa kọ́kọ́ yàn fún òrùlé páànù. Kí wọ́n nà án sí abẹ́ igi òrùlé, kí ojú tí ó ń dán kọjú sí ìsàlẹ̀ kí eruku má baà bò ó, kí àlàfo tó ìka méjì ó kéré tán sì wà láàárín rẹ̀ àti páànù. Àṣìṣe tí àwọn oníṣẹ́ ń ṣe jù nìyí: wọ́n á lẹ fóìlì mọ́ páànù gbàgìgbàgì, yóò sì gbóná pẹ̀lú páànù, àǹfààní rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Bí ẹ bá fẹ́ fi fóòmù kún un, orí síìlìn ni kí ẹ tẹ́ ẹ sí. Fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí kò wọ́n, ṣùgbọ́n ó tètè ń gbiná, ó sì ń ba ara wáyà jẹ́ bí ó bá pẹ́ tí wọ́n ti jọ fara kanra. Ẹ má ṣe bo wáyà, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má ṣe bo ẹ̀yìn gílóòbù inú POP, nítorí ooru tiwọn náà ń wá ibi gbà.

4. Ẹ kun páànù ní funfun. Páànù tí ó ti dípẹtà, tí ó ti pọ́n bí èyí tí ènìyàn ń rí lẹ́sẹẹsẹ bí ó bá dúró ní orí òkè Màpó, ń mu ooru púpọ̀ ju funfun lọ. Páànù tuntun tí ń dán náà kò tó funfun, nítorí pé bí ó tilẹ̀ ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, èyí tí ó bá ti wọ inú rẹ̀ kì í tètè jáde. Kí wọ́n fọ páànù, kí wọ́n ha ìpẹtà, kí wọ́n fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí ń dènà ìpẹtà kùn ún, kí wọ́n tó fi ọ̀dà funfun ti òrùlé lé e lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀dà ògiri kò lè dúró. Eruku ọyẹ́ yóò sọ ọ́ di aláwọ̀ eérú lọ́dọọdún, òjò nìkan kò sì ní fọ̀ ọ́ tán. Kí ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

5. Bí òrùlé yín bá jẹ́ dẹ́kìn gbalaja, ẹ fi ohun tí ń dènà omi, tí ó sì funfun, kùn ún, kí ẹ sì ṣe ìbòji sí orí rẹ̀ pẹ̀lú irin àti páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ má kó yẹ̀pẹ̀ tàbí táńkì omi lé e láì jẹ́ pé ẹnjiníà ti ní ó lè gbé e.

Ní ti àwọn tí ń wọ́n omi sí orí páànù lọ́sàn-án, ó ń tutù fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àkókò tí kànga ń gbẹ, a kò rò pé omi ni ó yẹ kí ẹ fi ṣòfò bẹ́ẹ̀.

## Ẹ dá oòrùn dúró kí ó tó kan gíláàsì

Oòrùn tí ó bá ti gba gíláàsì kọjá ti di ooru inú ilé. Kọ́tìnì lè dín in kù, kò lè lé e padà síta. Ohun tí ó wà níta fèrèsé ni ó ń ṣiṣẹ́ gidi.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, apá gúúsù ni oòrùn ọ̀sán máa ń dà sí lórí Ìbàdàn, kí ó tó wá gba òkè orí wa tààrà ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹrin. Nítorí náà, ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìwọ̀-oòrùn ni kí ẹ kọ́kọ́ bò, lẹ́yìn náà gúúsù, lẹ́yìn náà ìlà-oòrùn. Àríwá lè dúró.

Nínú àwọn ọ̀nà tí ó wà, ẹ mú èyí tí agbára yín bá ká:

- Ẹní ọparun tí a ká kọ́ sí ìta fèrèsé, tí a lè tú sílẹ̀ lọ́sàn-án. Òun ni ó rọrùn jù, ó sì ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba àárín rẹ̀.
- Ìbòji onípáànù tàbí onísìmẹ́ǹtì lókè fèrèsé. Ó dára fún gúúsù, níbi tí oòrùn ti ń wá láti òkè. Fún ìwọ̀-oòrùn kò tó, nítorí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń wá ní ọ̀gangan ojú. Ohun tí ó dúró lóòró ni ó lè dá a dúró.
- Búlọ́ọ̀kù alihò lójú bákónì. Àwọn gbọ̀ngán àtijọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn ṣì ń jẹ àǹfààní irú rẹ̀ títí di òní: ìbòji wà, afẹ́fẹ́ sì ń kọjá.
- Igi. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó ti ìjọba àpapọ̀, FRIN, wà ní Jẹ́ríkò, ẹ sì lè béèrè igi ìbòji lọ́wọ́ wọn. Ẹ má gbìn ín mọ́ ìpìlẹ̀ tàbí sókàwéè, kí ẹ sì máa gé ẹ̀ka tí ó bá ti na ọwọ́ sí orí òrùlé kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé.

Bí ó bá jẹ́ kọ́tìnì nìkan ni agbára yín ká, kí ó jẹ́ aṣọ onínípọn tí ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó kọjú sí gíláàsì funfun, kí ó sì kan ògiri ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Aṣọ irú rẹ̀ pọ̀ ní ọjà Gbági.

## Ìgbà tí a ń ṣí fèrèsé, àti ìgbà tí a ń tì í

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀ lọ́sàn-án, wọ́n sì ń tì wọ́n lálẹ́. Ìdàkejì ni ó yẹ.

1. Láti ìdájí títí di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, ẹ ṣí gbogbo rẹ̀ gbayawu, pẹ̀lú àwọn ilẹ̀kùn yàrá.
2. Nígbà tí tẹmómítà ìta bá ti kọjá ti inú, ẹ ti fèrèsé tí oòrùn ń bá, kí ẹ sì fa kọ́tìnì. Ẹ fi èyí tí ó wà ní ìbòji sílẹ̀ díẹ̀ bí ènìyàn bá wà nínú yàrá.
3. Nígbà tí ti ìta bá ti wálẹ̀ ju ti inú lọ, ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ méjì tí ó dojú kọ ara wọn.

Ìyàtọ̀ kan wà: bí òrùlé yín bá jẹ́ páànù lásán tí a kò tí ì ṣe iṣẹ́ kankan sí, inú yàrá òkè lè gbóná ju ìta lọ láti aago mọ́kànlá àárọ̀. Ẹ má ti irú yàrá bẹ́ẹ̀ pa. Ohun tí tẹmómítà bá sọ ni kí ẹ tẹ̀ lé, kì í ṣe aago.

Atẹ́gùn tí ó tutù máa ń wá láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, láti ọ̀nà òkun, ní èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọdún. Ti ọyẹ́ ni ó ń wá láti àríwá ìlà-oòrùn pẹ̀lú eruku. Fèrèsé gúúsù tí kọ́bọ́ọ̀dù dí, ẹ gbé kọ́bọ́ọ̀dù náà kúrò níbẹ̀.

Nẹ́ẹ̀tì ń dín afẹ́fẹ́ kù, pàápàá nígbà tí eruku bá ti dí ojú rẹ̀. Àwọn kan á torí èyí ya á dànù, ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́: ibà tí ẹ̀fọn yóò gbé wá burú ju ooru lọ. Ẹ máa fi omi ọṣẹ fọ nẹ́ẹ̀tì lóṣooṣù nígbà ọyẹ́, kí ẹ sì sùn sínú àwọ̀n ẹ̀fọn bí ẹ bá fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn bákónì.

## Fáànù

Fáànù kì í mú afẹ́fẹ́ tutù. Òógùn ara ni ó ń gbẹ. Ẹ pa á bí ẹ bá ń jáde nínú yàrá. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí síìlìn ṣì gbóná, fáànù òkè yóò máa ti ooru síìlìn wálẹ̀ bá yín ni. Ẹ lo ti ìdúró títí síìlìn yóò fi rọ̀. Bí ìta bá ti tutù ju inú lọ, ẹ gbé fáànù kan sí ojú fèrèsé kan kí ó kọjú síta, kí ẹ ṣí fèrèsé òdìkejì. Yóò máa lé afẹ́fẹ́ gbígbóná jáde, tútù yóò sì máa gba ẹ̀yìn wọlé.

Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ pé bí ooru yàrá bá ti tó 40 lórí ìwọ̀n Celsius ti tẹmómítà, kí a má gbẹ́kẹ̀ lé fáànù mọ́. Fífi omi nu ilẹ̀ dára nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ gbẹ. Ní oṣù kẹta, tí afẹ́fẹ́ ti ní omi lára, yóò kàn jẹ́ kí ara máa lẹ̀ ni.

## Bí ó bá di dandan kí ẹ ra ẹ̀rọ amúlétutù

- Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 lè lo ẹ̀rọ oní-hóòsì 1, bí òrùlé bá ti gba ìtọ́jú. Lábẹ́ páànù lásán, yóò gba 1.5.
- Ẹ fi sí 25 tàbí 26, kí fáànù máa ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀rọ oní-hóòsì 1 ń jẹ iná ju fáànù mẹ́wàá lọ.
- Ẹ máa fọ asẹ́ tí ó ń gba eruku nínú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì nígbà ọyẹ́.
- Jẹnẹrétọ̀ kékeré kò lè gbé e. Jẹnẹrétọ̀ yòówù kò sì gbọ́dọ̀ wà ní bákónì, lórí àtẹ̀gùn, tàbí lábẹ́ fèrèsé, nítorí èéfín rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn, tí ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun.

## Àwọn àgbà àti ọmọ ọwọ́

Ní ọ̀sán oṣù kejì sí ìkẹrin, ẹ gbé ìyá àgbà, bàbá àgbà àti ọmọ ọwọ́ lọ sí ìsàlẹ̀, kí ẹ má dúró de ìgbà tí wọn yóò ráhùn. Àgbàlagbà kì í tètè mọ̀ pé ooru ti ń pa òun lára. Bí ẹnìkan bá ń sọ̀rọ̀ tí kò já gaara, tí ara rẹ̀ gbóná janjan, tí ó ń bì tàbí tí ó dákú, ẹ gbé e sí ìbòji, ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ fi omi tútù nù ún kí ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má da omi sí ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ lẹ́nu.

## Bí ẹ bá jẹ́ ayálégbé

Ẹni tí kò ni ilé kò lè kun òrùlé, ṣùgbọ́n ẹní ọparun, kọ́tìnì, fáànù àti tẹmómítà jẹ́ ohun tí ẹ lè kó lọ bí ẹ bá ń kó jáde. Ẹ gbé ibùsùn kúrò lára ògiri ìwọ̀-oòrùn. Ní ti ihò àjà àti fóìlì, ẹ bá láńlọ́ọ̀dù sọ ọ́, kí ẹ sì gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó bá gbà pé kí ẹ yọ owó náà nínú owó ilé. Àdéhùn ẹnu ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn.

## Ìgbà tí iṣẹ́ òrùlé yẹ

Oṣù kọkànlá àti ìkejìlá ni ó dára jù. Òjò ti lọ, páànù ti gbẹ fún ọ̀dà, àwọn tí ìjì ṣí òrùlé wọn kò sì tí ì mú kí owó pákó gbówó lórí ní ọjà Bódìjà. Bí oṣù kẹta bá ti bá yín láìṣe é, ẹ ṣe ti fèrèsé, kọ́tìnì, ihò síìlìn àti fáànù, kí ẹ má sì jẹ́ kí káfíńtà kankan tú páànù yín sílẹ̀ mọ́jú, bí ó ti wù kí ojú ọ̀run mọ́ tó.